"Mò ń rí wọn kedere, àwọn ò rí mi": ìdáhùn fún Áàfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ ní kéú lórí kọ̀ǹpútà

Áàfáà kan láti Pákátà, n'Ílọrin níbí, ló kọ̀wé sí mi. Ohun tí wọ́n sọ nìyí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀: "Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọmọbìnrin mi ní kéú lórí Zoom, alaalẹ́ Sátidé àti Sọ́ńdè. Manchester ni wọ́n wà, kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni wọ́n ń lò, láptọ́ọ̀pù HP tòkunbọ̀ ni tèmi, MiFi ni mo sì fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Mò ń rí wọn kedere, àmọ́ wọ́n ní àwòrán mi máa ń dúró gbagidi, ohùn mi á máa gé, pàápàá tí mo bá ń fa ohùn nínú Kùránì. Mo tún máa ń gbọ́ ohùn ara mi tó ń padà wá bá mi. Tó bá ṣe díẹ̀, gbogbo ẹ̀ á já. Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kámẹ́rà tún ti dúdú pátápátá. Ọmọ tó ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kámẹ́rà ti kú, kí n ra òmíràn, kí n sì jẹ́ kóun fọ́mátì ẹ̀. Ọmọ mi ní dátà mi ló kéré. Bẹ́ẹ̀ YouTube ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí láptọ́ọ̀pù kan náà. Èwo ni kí n gbà gbọ́?"

Àsàláámù àléékúmù, Áàfáà. Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀sìn, Ọlọ́run á jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo ka ọ̀rọ̀ yín dáadáa, ohun tí mo rí ńbẹ̀ ni pé gbogbo àwọn tó ń gbà yín nímọ̀ràn, kálukú di ibì kan mú nínú ọ̀rọ̀ náà, ó wá sọ ibẹ̀ di gbogbo ẹ̀. Nǹkan tó ń ṣe yín ju ẹyọ kan lọ. Àwòrán tó ń dúró, ohùn tó ń gé tẹ́ ẹ bá ń fà á, ohùn yín tó ń padà wá bá yín, ìpè tó ń já, kámẹ́rà tó dúdú, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń fa ìkọ̀ọ̀kan wọn, ọ̀kan nínú wọn ò tiẹ̀ sí lọ́dọ̀ yín rárá, Manchester ló wà. Tẹ́ ẹ bá fọ́mátì kọ̀ǹpútà yẹn lónìí, púpọ̀ nínú ẹ̀ á ṣì wà ńbẹ̀ lọ́la, àwọn nǹkan tẹ́ ẹ kó pamọ́ sínú ẹ̀ nìkan ló máa lọ. A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkankan o.

Èyí tó rọrùn jù ni ìpè tó ń já, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú un kúrò ńlẹ̀. Ẹ ò sọ ìgbà tó máa ń já, àmọ́ ẹ wo aago lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Tó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú 40 ló máa ń pé kó tó já, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Zoom tí èèyàn ò sanwó ẹ̀, ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n fún wa, ó tán. Tẹ́lẹ̀, tó bá jẹ́ èèyàn méjì péré ló wà lórí ẹ̀, wọ́n lè sọ̀rọ̀ títí, àwọn tó bá ju méjì lọ ni wọ́n ń dá dúró, àmọ́ láti July 2022 ni wọ́n ti fi èèyàn méjì náà kún un. Ẹ lè jọ tún un pè lẹ́yìn tó bá já, kò léèwọ̀, tàbí kẹ́ ẹ pín ẹ̀kọ́ náà sí méjì kí àwọn ọmọ sinmi láàárín. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, Google Meet ń fún èèyàn méjì ní wákàtí 24 lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹni kẹta bá ti wọlé ló máa ń di 60 ìṣẹ́jú. Àwọn ọmọ tó jókòó pọ̀ sídìí kọ̀ǹpútà kan, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n kà wọ́n sí.

Ó wá kan YouTube, torí ibẹ̀ yẹn ló ti ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Wọ́n á ní "YouTube ń lọ geere, nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi dáa nìyẹn". Kò rí bẹ́ẹ̀. YouTube ti máa ń fa fídíò sílẹ̀ ṣáájú, èyí tẹ́ ẹ máa wò láìpẹ́ ti wà nípamọ́ nínú kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀. Omi inú àmù ni, kí ẹ̀rọ omi tiẹ̀ máa dá wá ṣẹ́ẹ́ṣẹ̀ẹ́ṣẹ́, ẹni tó ń bu omi nínú àmù ò ní mọ̀. Ìpè fídíò ò lè ní àmù, torí ọ̀rọ̀ tẹ́nu ò tíì sọ, kò sẹ́ni tó lè fi í pamọ́. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ gbọ́dọ̀ gbéra ní Pákátà kó dé Manchester kí ojú tó ṣẹ́ dáadáa, èyí tó bá pẹ́ lọ́nà, Zoom á jù ú nù ni, á sì tẹ̀síwájú. Àwọn ohun tí wọ́n ń jù nù yẹn làwọn ọmọ ń gbọ́ bí ohùn tó gé, tí wọ́n ń rí bí àwòrán tó dúró.

Nǹkan kejì nípa YouTube ni pé gbígbà nìkan ló mọ̀, kì í rán nǹkan jáde lọ́dọ̀ yín. Ìpè fídíò ń gbà, ó sì ń rán, lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ń wọlé ni wọ́n ń pè ní download, èyí tó ń jáde ni upload. Pé ẹ̀ ń rí wọn kedere, download yín dáa nìyẹn, upload tiwọn náà dáa. Pé wọn ò rí yín dáadáa, upload yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Zoom fúnra wọn sọ pé kí fídíò láàárín èèyàn méjì tó lè já geere, ó kéré tán kí 600 kbps (kbps ni wọ́n fi ń wọn bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yára tó) máa wọlé, kí 600 kbps sì máa jáde. Tí tiyín bá ń fi 2,000 wọlé àmọ́ tó jẹ́ 150 ló ń jáde, ohun tẹ́ ẹ kọ sínú lẹ́tà yín gẹ́lẹ́ ló máa ṣẹlẹ̀. Ọmọ yín tó ní dátà ló kéré, ọ̀rọ̀ méjì ló pọ̀ mọ́ra wọn. Dátà tí a rà ni iye tí a lè lò, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú bó ṣe ń yára tó. Ẹ lè ní 50 gígì nílẹ̀ kí upload yín máa rá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀kọ́ yín ń jẹ, 600 kbps tó ń lọ àti 600 tó ń bọ̀, nǹkan bíi 540 MB ni láàárín wákàtí kan, ẹ fi ìyẹn ṣírò dátà oṣù yín, dátà yín lè tó, kó má tó, àmọ́ òun kọ́ ló ń gé ohùn yín.

Ṣé ẹ wá mọ ìdí tí upload fi máa ń rá ju download lọ lórí MiFi? Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ga, iná tó ń lò pọ̀, ohùn ẹ̀ á wọlé bá MiFi yín níbi yòówù tẹ́ ẹ bá gbé e sí. Àmọ́ MiFi yẹn náà gbọ́dọ̀ dá òpó lóhùn, agbára tó sì ní láti fi dá a lóhùn ò ju bíi 0.2 wáàtì lọ. Ìdá kan nínú márùn-ún wáàtì kan! Kó fi la ògiri amọ̀ tó nípọn kọjá, kó tún kọjá lábẹ́ páànù, kó dé òpó tó wà lápá ibòmíì, ìyà ni. Àwọn ìlà kéékèèké tó ń hàn lórí MiFi, tí gbogbo wa máa ń wò, bí MiFi ṣe ń gbọ́ òpó ló ń sọ fún wa, kò sọ bí òpó ṣe ń gbọ́ MiFi. Ìdí nìyẹn tí ìlà fi lè pé mẹ́rin kí wọ́n má sì rí yín ní Manchester. Irú ilé tó pọ̀ ní Pákátà, Ìta-Kúdìmọ̀ àti ẹ̀yìn Ọjà Ọba, àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n mọ ògiri ẹ̀ kó má bàa gbóná, tí fèrèsé ẹ̀ kéré, ara dídùn gbáà ni fún ẹni tó ń gbé inú ẹ̀, àmọ́ kò bá upload ṣe rẹ́.

Torí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ gbé MiFi kúrò nídìí láptọ́ọ̀pù, ẹ gbé e lọ sójú fèrèsé, fèrèsé tó kọjú síbi tí òpó wà tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n ẹ dán fèrèsé ilé wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lè jìnnà sí láptọ́ọ̀pù, kò burú, Wi-Fi máa dé ọ̀dọ̀ yín láàárín yàrá kan sí ìkejì. Mo bá tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Òmù-Àrán ṣe irú ẹ̀, orí tẹlifíṣọ̀n ni MiFi wọn máa ń wà, láàárín pálọ̀, tí kọ́tìnnì àti ìlẹ̀kùn onírin wà níwájú ẹ̀. A gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú síta, a gbé e lé orí àpótí ṣúgà tó ti ṣófo kó lè ga díẹ̀, a fi páwà báńkì sí i nídìí torí iná, a sì yẹ upload ẹ̀ wò kí a tó gbé e àti lẹ́yìn tí a gbé e, ó lé ní ìlọ́po méjì. Àyè ibi tí MiFi wà nìkan la yí padà.

Kẹ́ ẹ tún wo àwọn tó ń bá yín pín upload yẹn. Láptọ́ọ̀pù tó ní Windows, OneDrive máa ń wà nínú ẹ̀, ó máa ń kó àwọn fáìlì yín lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láì sọ fún ẹnikẹ́ni, upload ló sì fi ń ṣe é. Ẹ wo ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí aago wà, tẹ́ ẹ bá rí àmì tó dà bí ìkùukùu, ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ dá a dúró tí ẹ̀kọ́ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Fóònù àwọn ará ilé tó wà lórí MiFi kan náà, tó ń gbé fọ́tò lọ sí Google Photos, òun náà ni. Ẹ ní kí wọ́n pa Wi-Fi fún wákàtí kan, wọ́n á ṣe é fún yín. Windows tó ń fa àtúnṣe tiẹ̀ wá náà ń dá kún un, ẹ wọ Settings, Network & internet, ẹ tẹ orúkọ Wi-Fi yín, ẹ tan Metered connection, ó máa ní sùúrù lẹ́yìn ìyẹn.

Báwo lẹ ṣe máa wá mọ̀ bóyá inú ilé yín ni wàhálà wà àbí ìta? Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ ṣe, torí òun ló máa ń gba èèyàn lọ́wọ́ ìnáwó òfo. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter, ojú ewé dúdú kan á yọ. Ẹ wá àdírẹ́sì MiFi yín, wọ́n máa ń kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ tàbí sínú ibi tí bátìrì ń wọ̀, á dà bíi 192.168.8.1 tàbí 192.168.0.1. Tó bá jẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ kọ ping 192.168.8.1 -n 50, ẹ tẹ Enter, ẹ jẹ́ kó ka ìlà 50 tán. Ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan ẹ máa rí time, ìyẹn àkókò tí ọ̀rọ̀ fi lọ tó sì fi padà, pẹ̀lú iye kan àti ms (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá), nísàlẹ̀ pátápátá ẹ máa rí Lost, ìyẹn iye tó sọnù lọ́nà. Láàárín láptọ́ọ̀pù yín sí MiFi, iye yẹn yẹ kó kéré, bíi 2 sí 10, kí Lost jẹ́ 0. Tó bá ń fò lọ sí 200, tó ń fò lọ sí 500, tàbí tí Lost bá ní nǹkan nínú, inú yàrá yín ni ẹjọ́ wà, ẹ sún mọ́ MiFi díẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ fi okùn USB so wọ́n pọ̀. Tí ìyẹn bá dáa, ẹ wá kọ ping 8.8.8.8 -n 50. Google ló ni ìyẹn, ìta ló wà. Bó bá jẹ́ 60 láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí wàhálà, bó tiẹ̀ jẹ́ 150 láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Èyí tó burú ni kó jẹ́ 70, kó di 900, kó padà sí 80, kó wá kọ Request timed out. Fífò yẹn ló ń pa ìpè fídíò ju kó kàn lọ́ra lọ. Inú Zoom pàápàá, tẹ́ ẹ bá wọ Settings lásìkò ìpè, tẹ́ ẹ wọ Statistics, ẹ máa rí i níbẹ̀ bí nǹkan tó ń sọnù lọ́nà ṣe pọ̀ tó.

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé mò ń di gbogbo ẹ̀ ru MiFi, ibi tí ọ̀rọ̀ yín ń gbà kọjá jìn. Láti òpó n'Ílọrin, á lọ sí Èkó, á wọ inú okùn abẹ́ òkun tó lọ sí Yúróòpù, MainOne tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, èyí tó tó 7,000 kìlómítà láti Èkó dé Portugal, wà lára wọn. Lọ́jọ́ 14 March 2024, okùn mẹ́rin ló bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà nítòsí Abidjan, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló sì fara gbá a. Irú ìyẹn kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, tó bá sì ṣẹlẹ̀, kò sí bọ́tìnnì tẹ́ ẹ lè tẹ̀, ẹ ní sùúrù ni. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ni ti alẹ́. Lẹ́yìn Ìṣáà, gbogbo àdúgbò ló ti dé láti ọjà àti ibiṣẹ́, gbogbo fóònù ló wà lórí òpó kan ṣoṣo yẹn. Ẹ dán àárọ̀ wò. Aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé lọ́dọ̀ wa, aago méje ni ní Manchester nígbà òtútù wọn, láti ìparí March sí ìparí October aago wa bára mu. Tẹ́ ẹ bá rí i pé àárọ̀ ń já geere, alẹ́ ń gé, ó ti hàn pé òpó àdúgbò ló kún, láptọ́ọ̀pù yín ò ṣe ẹnikẹ́ni níbi.

Ẹ jẹ́ n wá dé orí ohùn, torí nínú iṣẹ́ yín, ohùn ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ̀ ń gbọ́ ohùn ara yín tó ń padà wá bá yín. Gbogbo èèyàn tó bá gbọ́ irú ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú kọ̀ǹpútà tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń gbọ́ ọ kọ́ ló ń fà á. Ohùn yín jáde láti inú sípíkà kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ ní Manchester, máìkì wọn gbé e, ó dá a padà sí yín. Ọ̀dọ̀ wọn la ti máa tún un ṣe. Kí ìyá wọn ra íyápíìsì oníwáyà fún kọ̀ǹpútà wọn, tàbí kó dín ohùn sípíkà kù kó sì gbé máìkì jìnnà sí i, ohùn yẹn á dákẹ́. Tó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ ló ń gbọ́ ohùn ara wọn, ọ̀dọ̀ tiyín ni a ó tún ṣe.

Èyí tẹ́ ẹ sọ pé ohùn ń gé tẹ́ ẹ bá ń fà á ló ká mi lára jù, torí mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa ronú kan ohun tó ń fà á. Zoom ní nǹkan kan nínú tó ń pa ariwo ẹ̀yìn, ariwo fáànù, ariwo jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n má bàa gbọ́ ọ lápá kejì. Ọ̀nà tó fi ń mọ ariwo ni pé ariwo máa ń dúró lójú kan, kì í yí, ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn ló máa ń lọ sókè-sódò tó sì ń dá dúró. Ẹ wá wo fífà oní-hárákà mẹ́fà, ohùn kan ṣoṣo tó gùn tó dúró lójú kan. Zoom á ní ariwo nìyí, á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ rì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè dáa bí wúrà kó ṣì gé e. Ẹ wọ Settings Zoom, ẹ wọ Audio, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Original sound for musicians sí, ẹ tan án, tẹ́ ẹ bá wá wọ ìpè, ẹ máa rí Original sound lókè, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó wà ní On. Wọ́n lè gbé e yí ibì kan sí ìkejì bí wọ́n bá ṣe ń tún Zoom ṣe, àmọ́ orúkọ yẹn ni kẹ́ ẹ máa wá. Tẹ́ ẹ bá ti tan án, kò sí ohun tó ń pa ariwo mọ́, ẹ pa fáànù, ẹ ti fèrèsé tí jẹnẹrétọ̀ wà lápá ẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ lo íyápíìsì, dandan ni. Tí èyí bá pọ̀ jù, ẹ kàn mú Background noise suppression kúrò ní Auto, ẹ fi sí Low.

Íyápíìsì tí mo ń sọ yìí, oníwáyà ni kẹ́ ẹ rà, èyí tó ń wọnú ihò. Ẹ má lo Bluetooth fún kéú, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ Bluetooth, pàápàá àwọn tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa, tẹ́ ẹ bá ti ń lo máìkì ẹ̀, wọ́n máa ń dín ohùn kù débi pé ohun tó bá ga ju bíi 4,000 Hz lọ á dànù. Ohùn òkè yẹn gan-an ni etí fi ń ya síìn sọ́tọ̀ kúrò lára tháà. Ọmọ tó ń gbé láàárín àwọn òyìnbó, tí kì í gbọ́ kéú ládùúgbò, tó jẹ́ pé ẹnu yín nìkan ló ti ń gbọ́ ọ, á kọ́ lẹ́tà méjèèjì pọ̀ bí ẹyọ kan, á sì pẹ́ kẹ́ ẹ tó tún un ṣe. Tẹ́ ẹ bá fi íyápíìsì oníwáyà sí i tẹ́ ẹ wá ń gbọ́ kíkùn hùù lábẹ́ ohùn, ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù, tó bá dákẹ́, iná tí kò ní áàtì (wáyà tó ń gbé iná wọlẹ̀) ló wà nídìí ẹ̀, ẹ fi bátìrì kọ́ wọn.

Nǹkan kan tún wà tí sẹ́tínì kankan ò lè tún ṣe. N'ílé kéú, ẹ ó kà, gbogbo àwọn ọmọ á jọ máa kà á tẹ̀ lé yín ní ohùn kan náà. Lórí ìpè, kò lè bọ́ sí i. Ohùn yín á pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, tiwọn náà á pẹ́ kó tó padà, nígbà tẹ́ ẹ máa fi gbọ́ ọ, ẹ ti wà níwájú. Zoom náà tó bá gbọ́ ohùn lápá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń tẹ ọ̀kan rì. Ẹ kà, ẹ dákẹ́, kí ọmọ kan kà á padà, kó dákẹ́, kó kan èkejì. Ó máa gba àkókò ju ti ilé kéú lọ, àmọ́ ẹ máa gbọ́ àṣìṣe ẹnìkọ̀ọ̀kan, tí ẹ ò lè gbọ́ nígbà tí gbogbo wọn ń kà pọ̀.

Kámẹ́rà wá kù. Kó tó di pé a sọ pé ó kú, ẹ wo ojú ẹ̀ gan-an, lókè láptọ́ọ̀pù. Àwọn láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí wọ́n ń kó wá láti ìlú òyìnbó, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n fi púpọ̀ nínú wọn ṣe tẹ́lẹ̀, wọ́n sì máa ń fi ìdérí kékeré kan bo kámẹ́rà, kò ju ẹnu èékánná lọ, á máa lọ sọ́tùn-ún sósì. Aṣọ tẹ́ ẹ fi nu eruku lè tì í. Ẹ fi èékánná tì í padà. Nínú àwọn kan, bọ́tìnnì ló wà lókè níbi F1 sí F12, tí wọ́n ya kámẹ́rà tí wọ́n fàlà sí sára ẹ̀. Tí kò bá jẹ́ ìyẹn, ẹ pa Zoom, ẹ wá Camera nínú Windows, ẹ ṣí i. Tẹ́ ẹ bá rí ojú yín níbẹ̀, kámẹ́rà ò kú, Zoom ni kò láṣẹ láti lò ó: ẹ wọ Settings, Privacy, Camera, ẹ tan gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, pàápàá Let desktop apps access your camera. Ó sì lè jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló dì í mú, bíi Chrome tẹ́ ẹ gbàgbé síbẹ̀, torí náà ẹ pa láptọ́ọ̀pù yín kẹ́ ẹ tún un tàn. Àmọ́ tí Camera bá kọ 0xA00F4244 sójú yín lẹ́yìn gbogbo èyí, láptọ́ọ̀pù ò rí kámẹ́rà kankan nínú ara ẹ̀ nìyẹn, okùn inú ẹ̀ lè ti jábọ́, kámẹ́rà sì lè ti kú lóòótọ́. Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ ọmọ tó ń bá yín tún un ṣe tọ̀nà, ẹ lè ra kámẹ́rà USB, kò ní láti jẹ́ olówó ńlá, 720p tó. Tó bá sì ti padà ṣiṣẹ́, ẹ fi iná síwájú ojú yín, ẹ má kẹ̀yìn sí fèrèsé. Tí ibì kan bá ṣókùnkùn, kámẹ́rà á máa lọ́ra láti ya àwòrán, wọ́n á ní ẹ̀ ń fà lójú wọn, ẹ máa rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Lórí fọ́mátì, mo gbà pé láptọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ lè rẹ̀, àmọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ná. Bí ìpè bá ń lọ, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ wo ibi CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Tó bá dúró sí 100%, láptọ́ọ̀pù ń mí hẹlẹ nìyẹn. Ẹ yọ àwòrán ẹ̀yìn tí Zoom ń fi sí yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fi sí i, ẹ pa HD, ẹ ti Chrome. Eruku ọyẹ́ sì máa ń di fáànù inú ẹ̀, kó gbóná, kó wá máa lọ́ra kó má bàa jó. Kẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tú u, kó fẹ́ ẹ. Mo rò pé ìyẹn wúlò ju fọ́mátì lọ.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí upload ṣì ń rá, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Èyí tí mo máa kọ́kọ́ gbà yín nímọ̀ràn ni kẹ́ ẹ yá síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn lọ́wọ́ aládùúgbò fún ọjọ́ kan, tí MiFi yín bá ń gba gbogbo síìmù, torí òpó tó kún fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lè ṣófo fún òmíràn ládùúgbò kan náà. Rọ́tà ńlá tó ní áńtẹ́nà tí wọ́n lè gbé síta lókè òrùlé dáa ju MiFi lọ, pàápàá fún àwọn tó wà lápá Òkè-Ẹ̀rọ̀ àti Ìlọ́fà tí òkè bo òpó mọ́ wọn lójú, àmọ́ ó ń jẹ iná, ẹ ó ní láti ronú bó ṣe máa ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá mú iná lọ. Starlink ti wà ní Nàìjíríà láti January 2023, ibi tí sátẹ́láìtì ẹ̀ wà ò ju bíi 550 kìlómítà lọ, nígbà tí ti àtijọ́ wà ní 36,000, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi ń yára dé lórí ẹ̀. Ó dára gan-an, àmọ́ owó ẹ̀ wọ́n lójú mi fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, àyàfi tí ilé pọ̀ tẹ́ ẹ jọ máa dáwó ẹ̀. Èyí tí kò ní ná yín ní nǹkankan ni kẹ́ ẹ pa fídíò tiyín, kí àwọn ọmọ fi tiwọn sílẹ̀. Ohùn nìkan ò ju 60 sí 80 kbps lọ, MiFi tó ń rá gan-an á gbé e. Ẹ̀ ń rí wọn, ẹ̀ ń rí bóyá wọ́n jókòó dáadáa, bóyá wọ́n mú ìwé dání, ẹ̀yin á kàn máa tan kámẹ́rà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ibi tí lẹ́tà ti ń jáde lẹ́nu hàn wọ́n. Tí wọ́n bá ní ká mú ọ̀kan, ohùn tó pé ni mo máa mú fún yín, kì í ṣe àwòrán.

Láti ibi tí mo wà, n ò lè rí òpó àdúgbò yín, n ò sì lè mọ bí bátìrì MiFi yín ṣe gbó tó. Torí náà, kí ó tó di Sátidé, ẹ gbé MiFi sójú fèrèsé, ẹ wo ìdérí kámẹ́rà, ẹ tan Original sound, ẹ ní kí ìyá àwọn ọmọ fi íyápíìsì sí i. Ẹ ṣe ping méjèèjì lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, lẹ́ẹ̀kan lálẹ́, ẹ ya fọ́tò ojú ewé dúdú yẹn nígbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kí n lè sọ fún yín bóyá síìmù lẹ máa pààrọ̀ àbí MiFi.